Àjàní, Àwọn Alákùkọ àti Omi Àmù Ìyá Àgbà

Bùròdá Gàníyù, àbúrò bàbá mi, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn Àjàní fún mi. Àgbàlá ilé wa ní Fìdítì la wà lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi eyín bó ìrèké. Gémù ò tíì wọ ilé wa nígbà yẹn. Ìbàdàn ló ti rí i, nílé ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ rédíò títúnṣe. Ó ní ọmọkùnrin kékeré kan wà nínú gémù ọ̀hún tó wọ ṣòkòtò pupa. Ó ní ọkùnrin oníwo kan fi ẹyẹ irin gbé ìyá ọmọ náà lọ níṣojú rẹ̀ kòrókòró, lọmọ bá dìde, ó di àmùrè, ó ní òun ò ní padà sílé láìrí ìyá òun. Ó la igbó kọjá, ó la òkun kọjá, ó wọ ìlú kan tí ilé, ọ̀nà àti igi ibẹ̀ jẹ́ kìkì irin, ó gbójú sókè báyìí...  Ni Bùròdá Gàní bá tu ìrèké ẹnu rẹ̀ dànù, ó tún gé òmíràn.

"Ó gbójú sókè, ó wá rí kí ni?" mo bi í.

"Ibẹ̀ ni mo bá a dé. Ọ̀gá mi gba páàdì tí wọ́n fi ń ta gémù lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ ra ẹ̀kọ wá."

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè tó fi dá sí i. "Gàní, ṣé ó parí síbẹ̀ ni?"

"Rárá, Ìyá. Èmi ni mi ò mọ èyí tó kù."

"O mọ ibi tí korobá wà."

Bí ẹ ò bá mọ òfin korobá, ìtàn mi yìí ò ní yé yín. Àmù ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ìdajì, ara rẹ̀ a máa tutù tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Omi inú rẹ̀ ni gbogbo ilé ń mu. Kànga wà ní ìpẹ̀kun àgbàlá, lẹ́yìn ibi tí a ń so ewúrẹ́ mọ́, okùn rẹ̀ sì gùn débi pé ẹni tó bá fà á dé òkè á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kó tó da omi. Òfin Ìyá Àgbà ni pé ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn nínú ilé òun, ìbáà jẹ́ àlọ́, ìbáà jẹ́ ìròyìn ọjà, tó sì já a sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, òun ni yóò pọn omi kún àmù dé ẹnu. Kò sí àwáwí. O gbàgbé? Pọn omi. Oorun gbé ọ lọ? Pọn omi. Àlejò dé? Kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ rẹ kó o tó kí i káàbọ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀, tòun ti irùngbọ̀n, bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí mọ́tò ṣe dá wọn dúró lọ́nà Ṣakí, ó sùn lọ kó tó sọ bí wọ́n ṣe kúrò níbẹ̀. Kí oòrùn tó yọ la ti ń gbọ́ ìró okùn kànga. Mo bi Ìyá Àgbà nígbà kan pé kí ló dé tó fi le tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó jókòó tì ẹ́ yẹn, ó ní nǹkan tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ kó tó jókòó. O ti dá a dúró." Ohun kan ṣì kù tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá débẹ̀: omi pípọn kì í ṣe ìparí ìtàn. Nígbà tí Bùròdá Gàní da korobá tó gbẹ̀yìn sínú àmù lọ́jọ́ náà, tó nu ọwọ́, tó ní, "Ìyá, ó ti kún, ọ̀rọ̀ tán," ohun tó gbọ́ ni: "Omi ló kún. Ọmọ yẹn ṣì wà nínú ìlú irin."

Mo gbà pé omi ọjọ́ yẹn ló gbé gémù wọ ilé wa. Ó dun Bùròdá Gàní wọra. Nígbà tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù tán, ọ̀gá rẹ̀ ní kó mú ohun kan nínú àwọn nǹkan tó ti bàjẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹlòmíràn ìbá mú rédíò. Gémù ni tiwa mú. Ó tún un ṣe, ó wá ra kásẹ́ẹ̀tì Àjàní, ó gbé gbogbo rẹ̀ wálé pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí kì í fi àwọ̀ kankan hàn àfi dúdú àti funfun. Nítorí náà, ṣòkòtò pupa tí mo sọ fún yín yẹn, a ò fojú rí i rí. Ìgbàgbọ́ la fi mọ̀ pé ó pupa. Orúkọ Àjàní gan-an, Ìyá Àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní òun ò lè máa bẹ̀rù fún ọmọ tí kò lórúkọ. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe gémù náà, a ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ wọn, ṣùgbọ́n àwòrán àkùkọ pupa wà lára kásẹ́ẹ̀tì, àkùkọ ọ̀hún a sì kọ nínú tẹlifíṣọ̀n kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe di Àwọn Alákùkọ nílé wa nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ yẹn á rò pé ìdílé kan ni wọ́n ní Akínmọ̀ọ́rìn, tí wọ́n bá wa jà lórí ilẹ̀.

Ilé wa ò dákẹ́ rí tẹ́lẹ̀. Bí ládàánì bá ti pe ìrun tán ní mọ́ṣáláṣí kékeré tó kọjú sí wa, agogo ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà á gbà á, ewúrẹ́ á dá sí i, ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há ilẹ̀ àgbàlá, òórùn ògì gbígbóná á sì gba inú ilé kan. Láti ọ̀sán lọ, agbada ìyangàrí ló ni gbogbo etí wa, torí gàrí ni ilé wa ń yan tà fún àwọn tó ń wá láti Ìlọrà àti Ọ̀yọ́. Àkùkọ inú tẹlifíṣọ̀n wá kún un. Àkùkọ gidi tó wà nílé wa ò gbà fún un. Ní gbogbo ìgbà tí ti inú tẹlifíṣọ̀n bá kọ, tiwa á dá a lóhùn láti orí ògiri, á fò sílẹ̀, á gbé àyà wọ yàrá, á wá máa ṣá gíláàsì tẹlifíṣọ̀n jẹ. Nígbà tí mo bá wẹ̀yìn báyìí, òun nìkan ló ti fura sí àwọn èèyàn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ojú Ìyá Àgbà ò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà èmi ló ní kí n jókòó ti òun, kí n máa sọ ohun tí mo bá rí. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Mo bẹ̀rẹ̀: "Àjàní ń sáré."

"Ó ń sá lọ síbo?"

"Sápá ọ̀tún."

"Kí ló wà lápá ọ̀tún?"

"Ìyá, ọ̀tún náà ni gbogbo ọ̀nà kọrí sí."

"Kí ló jẹ látàárọ̀?"

"Wọn ò fi oúnjẹ hàn."

"Látàárọ̀! Ọmọ tó ń la òkun kọjá! Àwọn Alákùkọ yìí ò tíì tọ́mọ rí láyé wọn." Ó jẹ ẹ̀pà díẹ̀. "Nígbà tí wọ́n ń gbé ìyá ẹ̀ lọ, ta ló figbe ta? Ibo lẹbí wà?"

"Kò sẹ́ni tó figbe ta. Orin ló ń lọ."

"Irú orin wo?"

Mo kọ ọ́ fún un. Orin ijó ni. Ìyá Àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Wọ́n ń gbé ìyá ọlọ́mọ lọ, wọ́n ń jó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Máa bá a lọ."

Bàbá Wòlíì, tí ilé rẹ̀ fi ògiri ti tiwa, wọlé lọ́jọ́ kan láti wá bá Bùròdá Gàní wí pé ariwo gémù ń da àdúrà òun rú. Tòun ti aṣọ funfun àti agogo ọwọ́ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo tẹlifíṣọ̀n fún ìgbà díẹ̀ kó lè mọ ohun tó fẹ́ bá wí. Ó jókòó kó lè wò ó dáadáa. Láti ọjọ́ náà, a ò lè bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ó dé. Bí ọkùnrin oníwo bá ti yọ, Bàbá Wòlíì á ti dìde, á máa lu agogo sí i, "Ìwo yẹn kì í ṣe ojú lásán o! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ!" Ìyá Àgbà á ní, "Wòlíì, ẹ rọra, ẹ ń dí mi létí."

Ìyà tí Àwọn Alákùkọ fi jẹ wá nígbà yẹn, bí mo bá sọ ọ́ fún ọmọ ìsinsìnyí, á rò pé mo ń parọ́. Gémù náà kì í rántí nǹkan kan. O lè la igbó já, kó o la òkun já, kó o wọ ìlú irin, bí iná bá lọ, inú igbó lo ti máa tún bẹ̀rẹ̀, àkùkọ á tún kọ sí ọ lójú bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. Bẹ́ẹ̀ iná ń lọ ní Fìdítì bí ẹni ń ṣẹ́jú. Nítorí náà, ọjọ́ tí iná bá dúró, a kì í pa gémù rárá. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ jẹ ẹ̀bà, ẹlòmíràn á di páàdì mú, á máa mú Àjàní fò sókè-sódò lójú kan náà kí nǹkan kan má baà pa á. Ara ẹ̀rọ náà á wá gbóná bí ìkòkò ẹ̀wà, Bùròdá Gàní á jókòó tì í, á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ọba. Ìyá mi kọjá lọ́jọ́ kan, ó dúró wò ó, ó ní, "Gàní, ọjọ́ tí ibà ń ṣe mí, o ò fẹ́ mi báyìí."

Sìdí ló mọ̀ ọ́n ta ju gbogbo wa lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ẹgbẹ́ mi ni pẹ̀lú. Bàbá rẹ̀ ti kú kó tó mọ ìrìn, ìyá rẹ̀ sì ti lọ sí Kùtọnù lọ ṣòwò aṣọ. Ó ní òun á dé kó tó di Iléyá. Iléyá kan kọjá, òmíràn kọjá. Nílé wa, a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú Sìdí, àfi bí ẹni ń bọ̀ láti apá ibẹ̀ bá jíṣẹ́ pé ara rẹ̀ le, pé ó ní kí wọ́n máa kí wa. Sìdí kì í sunkún. Iṣẹ́ ló máa ń ṣe. Bí a bá jókòó tí à ń bó ẹ̀gẹ́, tèmi àti tirẹ̀, èèpo tirẹ̀ á ti ga dé orókún kí tèmi tó bo ilẹ̀. Ibi ẹ̀gẹ́ bíbó yẹn ló ti bi mí lọ́jọ́ kan, láìdá ọ̀bẹ dúró, "Múfú, ṣé o ṣì rántí ojú ìyá mi?"

Mo ní mo rántí.

"Báwo ló ṣe rí?"

Mo ro ó, mo ro ó, mo ní, "Ó pupa díẹ̀."

Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán, ó mú òmíràn. "Tí Àjàní bá rí ìyá ẹ̀, ìyá mi náà máa dé. Mo ti fi í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Ọjọ́ Sátidé kan ni iná dúró láti òwúrọ̀. Sìdí jókòó sórí ẹní, ó ká ìró rẹ̀ sí orókún, ó di páàdì mú. Ó la igbó já. Ó la òkun já. Nígbà tó wọ ìlú irin, ìyá mi ti fi agbada sílẹ̀, Bàbá Wòlíì ti wà lórí ìdúró, àwọn tó wá ra gàrí ti gbé àpò kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ń sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àgbà títí ohùn mi fi há. Ọkùnrin oníwo yọ, ó ju iná, Sìdí bẹ́, ó tún ju iná, Sìdí tún bẹ́, agogo Bàbá Wòlíì ò dákẹ́, ọkùnrin oníwo ṣubú gbì! Ilé ya. Ewúrẹ́ já okùn. Ilẹ̀kùn irin kan ṣí, ó sì ṣí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, obìnrin kan wà nínú yàrá lọ́hùn-ún, ó kẹ̀yìn sí wa. Àjàní dúró. Mo ní, "Ìyá, ó ti rí i! Ó ti rí ìyá ẹ̀! Ó ti fẹ́ yíjú!"

Tẹlifíṣọ̀n ṣú. Òyìnbó díẹ̀ jáde. Ìyá Àgbà ní, "Kà á fún mi." Mo kà á bí mo ṣe lè kà á, mo ní wọ́n ní, "Ìyá rẹ ti lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ra kásẹ́ẹ̀tì kejì."

"Ka èyí tó kù."

"Ó ti tán, Ìyá."

Àkùkọ bá kọ. Igbó yọ. Àjàní tún dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, ó kọjú sápá ọ̀tún, orin ijó bẹ̀rẹ̀.

Sìdí fi páàdì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ká wáyà rẹ̀ dáadáa, ó ní òun fẹ́ lọ wo gàrí kó má baà jóná. Gàrí kankan ò sí lórí iná. Èmi nìkan ló mọ ohun tó bá a jáde nínú yàrá yẹn, mi ò sì lè sọ ọ́. Àwọn yòókù ń bú Àwọn Alákùkọ. Oníbàárà kan láti Ìmìní ní òun ti fi mọ́tò òun sílẹ̀ kó lọ nítorí ìranù yìí. Bàbá Wòlíì ní òun ti fi gbogbo agbára òun jà, òun ò mọ̀ pé òǹtajà lòun ń gbàdúrà fún. Ìyá Àgbà jẹ́ kí wọ́n bú wọn tẹ́rùn, ó wá bèèrè pé, "Ta ló gbé ìtàn yìí wọ ilé mi?"

Bùròdá Gàní fò sókè. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo ṣe é! Àwọn Alákùkọ ni!"

"Mo mọ ilé wọn ni? Ṣé wọ́n lè gbọ́ tí mo bá pè wọ́n? Ìwọ ni ẹnu wọn níbí."

"Ìyá, ó parí o. Bí wọ́n ṣe parí ẹ̀ nìyẹn."

"Ọmọ ò rójú ìyá ẹ̀, o ní ó parí." Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Bùròdá Gàní wo Bàbá Wòlíì bóyá ó lè bá òun bẹ̀bẹ̀. Bàbá Wòlíì ní, "Gàní, kó o bá mi pọn tèmi náà díẹ̀ tó o bá ń bọ̀."

Ó lọ ra kásẹ́ẹ̀tì kejì. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó tún rédíò ṣe títí, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, ó gbé e dé, ilé tún kún. Àkùkọ kọ, igbó yọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Ìyá Àgbà pé igi wà lápá òsì, pé ẹyẹ kan ń bọ̀ láti òkè, ó ní, "Èyí tó máa ń já sílẹ̀ yẹn?" Ẹyẹ já sílẹ̀. Igbó kan náà ni. Òkun kan náà ni. Ọkùnrin oníwo kan náà ni, ibi tó sì ti máa ń ju iná náà ló ti jù ú. Bùròdá Gàní yẹ ara kásẹ́ẹ̀tì wò síwá sẹ́yìn, ó wá rí i pé nínú àwòrán, ṣòkòtò Àjàní ti kúrò ní pupa, ó ti di aláwọ̀ aró. Gbogbo ohun tí wọ́n fi kún ìtàn náà nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, aró. Tẹlifíṣọ̀n tiwa ò sì mọ aró yàtọ̀ sí pupa.

Síbẹ̀ Sìdí ò sọ páàdì sílẹ̀. Àwọn àgbà ti padà sídìí iṣẹ́ wọn, èmi àti Ìyá Àgbà nìkan la jókòó tì í. Ó dé ibi ilẹ̀kùn irin. Obìnrin náà tún kẹ̀yìn sí wa. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yíjú. Mo ṣẹ́jú, mo tún un wò. Wọn ò yà á. Wọn ò ya ojú fún un, wọn ò ya imú, wọn ò ya ẹnu, ó kàn funfun láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Èmi rò pé wọn ò retí pé ẹnikẹ́ni á dé ibẹ̀ ni. Wọ́n ti gba owó tiwọn lẹ́nu ọ̀nà, kí ló kàn wọ́n nínú yàrá? Òyìnbó jáde pé wọ́n dúpẹ́, pé kásẹ́ẹ̀tì kẹta ń bọ̀ lọ́nà. "Ojú ìyá ẹ̀ ń kọ́?" Ìyá Àgbà bi mí. Mo wo Sìdí, mo ní, "Ó rẹwà, Ìyá." Sìdí yọ kásẹ́ẹ̀tì, kò sì tún fi òmíràn sí i mọ́ láéláé.

Tàófíkì, ọmọ tí Sìdí bí, ń gbé ní Ìbàdàn lónìí. Ó pè mí lórí fóònù láìpẹ́ yìí, inú ń bí i bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ó ní gémù kan tí òun ti ń ta láti ìgbà tí òun ti wà ní yunifásítì, wọ́n ti parí ẹ̀, wọ́n sì ti bà á jẹ́. Wọ́n pa akọni inú rẹ̀ bí ẹni pa eṣinṣin, láìnídìí, wọ́n wá ní ẹni tó bá fẹ́ rí ìparí gidi kó tún sanwó. Ó ní àwọn ọmọ ayé ti kóra jọ sórí fóònù, wọ́n ń bú ilé-iṣẹ́ náà láti ilẹ̀ òkèèrè dé Mọ́kọ́lá. Mo ní kí ni ilé-iṣẹ́ wí? Ó ní wọ́n ní àwọn ti gbọ́, pé àwọn mọyì gbogbo wọn, pé kí wọ́n máa retí. Mo ní, "Ṣé wọ́n pọn omi?" Ó ní, "Ẹ kú àwàdà, Bàbá." Àwàdà kọ́. Ọdún gorí ọdún, ẹ̀rọ ti mọ gbogbo àwọ̀ tí Ọlọ́run dá, ó ń rántí ibi tó o bá a dé, o lè ka irun ojú akọni inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn Alákùkọ ni ò yí padà. Ohun tí ò sì jẹ́ kí wọ́n yí padà ni pé kò sí kànga lẹ́yìnkùlé wọn.

Àbí ẹ rò pé mo ti gbàgbé ìyá Sìdí? Mi ò gbàgbé. Ọyẹ́ ti dé lọ́dún tí kásẹ́ẹ̀tì kejì wọlé yẹn, à ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ọ̀sán, tí ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó sọ̀kalẹ̀ wọ léèsì, ó wé gèlè, eruku ti kun bàtà rẹ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ figbe ta. Àlejò náà kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀, ó fọwọ́ pa á láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó ní, "Òun ni." Ìyá Sìdí kí Bùròdá Gàní pẹ̀lú orúkọ tí ìyàwó ilé fún un, "Arẹwà mi, o ti dàgbà!" Ó wá dì mọ́ Sìdí. Sìdí dúró gbọn-in, omi ẹ̀gẹ́ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn ń wo ojú yẹn, ó ń wò ó bí ẹni ń ka ìwé.

Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, gbogbo ilé jókòó yí i ká, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó mọ̀ ọ́n sọ, ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Ó sọ bí òun ṣe dé Kùtọnù, bí àwọn aṣọ́bodè ṣe gba ẹrù òun, bí òun ṣe sun ìta, bí obìnrin kan tí òun ò mọ̀ rí ṣe ní kí òun wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ òun, tí òun sì rò pé àánú ni, òun ò mọ̀ pé... Ọlọ́kadà fun fèrè níta. Ó dìde. "Mo ní kó dúró dè mí ni. Mo kàn ní kí n yọjú sí yín, ọjà mi wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Mò ń bọ̀. Tí mo bá padà dé, màá sọ èyí tó kù, màá sì mú Sìdí lọ." Ó ń wá àpò rẹ̀.

Sìdí dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tó padà, korobá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e ka iwájú ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ ò tíì parí ẹ̀, Màámi."

Ìyá Sìdí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tó máa bá òun rẹ́rìn-ín. Bùròdá Gàní ti na ọwọ́ sí korobá kó lè bá a pọn ọ́n, Ìyá Àgbà ní, "Gàní, jókòó." Obìnrin náà tú gèlè rẹ̀, ó ká apá léèsì dé ìgbọ̀nwọ́, ó gbé korobá. Ọlọ́kadà ń fun fèrè, okùn kànga ń dún, a gbọ́ méjèèjì papọ̀ títí fèrè fi sú ọlọ́kadà. Nígbà tó padà wọlé, omi ti rin aṣọ rẹ̀ láti àyà dé ẹsẹ̀, ó sì ti fọ àtíkè kúrò lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ó ti kún." Gbogbo wa mọ ohun tí Ìyá Àgbà máa ń sọ níbẹ̀ yẹn. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Sìdí ló bu omi àmù sínú ife, ó gbé e fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe ń fún àlejò, ó ní, "Ẹ mu omi, ọ̀nà jìn." Ó mu ún tán, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ó tún wá lẹ́yìn náà. Ó wá nígbà tí Ìyá Àgbà kú, ó wá síbi ìgbéyàwó Sìdí, ó wá nígbà tí wọ́n bí Tàófíkì. Ìgbàkígbà tó bá dé, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn Kùtọnù láti ẹnubodè, bíi kásẹ́ẹ̀tì Àwọn Alákùkọ, kò sì kọjá ìdí ìsọ̀ obìnrin yẹn rí. Bó bá ti débẹ̀, á dìde fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀, á ká apá aṣọ, á lọ pọn omi kún àmù. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ó fi kú. Sìdí ti wá mọ ojú rẹ̀ dáadáa, èyí tó wà lẹ́yìn ojú yẹn ni kò sẹ́ni tó gbọ́. Ìwọ tó o gbé iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, tó o bá mi jókòó dé ibí, wò ó: ẹni tó ń pọn omi kún àmù ní gbogbo ìgbà tó bá wá, ṣé wàá ní kò parí ìtàn rẹ̀?